Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ijó Ìdìmọ́ra Láti Kùtọnú dé Òkè Ìdáàṣà

Ijó ìdìmọ́ra ni ijó gbọ̀ngàn tí ọkùnrin àti obìnrin ń di ara wọn mú jó: waltz, foxtrot, tango, rumba, cha-cha-cha. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ di ọjà. Arthur Murray kọ́kọ́ ń fi àwòrán ojú ẹsẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Láti 1938, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣí ilé ijó. Fred Astaire náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ Imperial Society of Teachers of Dancing, tó ti wà láti 1904, ya ẹ̀ka ijó gbọ̀ngàn sọ́tọ̀ ní 1924, wọ́n sì ṣòfin bí ẹsẹ̀ ṣe gbọdọ̀ rìn. Ọ̀nà mìíràn ni ijó náà gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Akra àti Èkó

Ní Gold Coast (Gánà òde òní), ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olówó ló ń jó waltz àti foxtrot nínú ẹgbẹ́ aláfẹ́. Nǹkan bíi ṣílè méje àbọ̀ ni owó ìwọlé, ẹni tí kò bá sì múra bí òyìnbó kò ní wọlé. Àwọn tó dúró síta, tí wọ́n ń yọjú wò wọ́n, ló sọ orin ibẹ̀ ní highlife. Kò pẹ́ tí orin náà fi bọ́ sígboro. E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Tempos, gbé e dé Èkó ní àwọn ọdún 1950. Bobby Benson, tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1947 pẹ̀lú Cassandra ìyàwó rẹ̀, ti ń kọrin ijó fún àwọn ará Èkó kí Mensah tó dé.

Àwo orin Kúbà

Láti 1933 ni ilé-iṣẹ́ HMV ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo orin Kúbà tí wọ́n kọ GV sí lára ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìlù inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí wa, torí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ yìí wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní Kúbà. Nígbà tí cha-cha-cha Enrique Jorrín gbòde ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ló kọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ giramafóònù, láìrí olùkọ́ kankan. Ní àwọn ìlú tí Faransé ń ṣàkóso, agbo ijó gbangba tí wọ́n ń pè ní bal poussière gbilẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń jó, eruku a sì máa sọ lálá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn ẹgbẹ́ olórin Dàhòmì

Ìlú olókè mọ́kànlélógójì ni Ìdáàṣà ní Dàhòmì (Bẹ̀nẹ̀ òde òní). Ó wà lójú irin àti ojú títì tó ti Kùtọnú lọ sí Pàràkú, nǹkan bí igba kìlómítà sí Kùtọnú. Ẹgbẹ́ olórin pọ̀ ní gúúsù àti àríwá rẹ̀. Picoby Band àti Renova Band wà ní Àgbómẹ̀, Black Dragons wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Super Borgou àti Anassoua Jazz sì wà ní Pàràkú. Ní Kùtọnú, Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní 1968. Olórin Gnonnas Pedro kọrin ní èdè Yorùbá, Fọ̀n, Mina, Faransé àti Sípáníìṣì. Ó wọ ẹgbẹ́ Africando tó ń kọ salsa ní 1995. Ignace de Souza, tó dá Black Santiagos sílẹ̀ ní Akra, kó wálé nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì ní ìparí 1969.

Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí tún kó ijó ìbílẹ̀ wọ gbọ̀ngàn. Tchinkoumé, tí wọ́n ń lu ní agbègbè Savalou lẹ́bàá Ìdáàṣà níbi ìsìnkú, tí wọ́n ń fi igbá lu omi nínú rẹ̀, ni olórin Stan Tohon sọ di orin òde òní. Ẹni tó jó cha-cha-cha lálẹ́ lè jó agbadja, ijó ìbílẹ̀ mìíràn, kó tó lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn 1972

Ìjọba Mathieu Kérékou gorí àléfà ní Dàhòmì ní oṣù kẹwàá 1972, ó sì yí sí ètò Marx ní 1974. Òfin kónílé-ó-gbélé dín fàájì alẹ́ kù, owó sì wọ́n àwọn olórin. Síbẹ̀ ijó náà kò kú. Poly-Rythmo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré káàkiri Yúróòpù ní 2009, UNESCO sì fi rumba Kóńgò, tó jẹ́ ijó ìdìmọ́ra bákan náà, kún àjogúnbá àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2021.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìdáàṣà tó fẹ́ kọ́ ijó yìí kò nílò láti dúró de ilé ijó olókìkí kan. Bó bá ń lépa ìdíje ilẹ̀ òkèèrè, kó wá olùkọ́ tó mọ òfin Lọ́ńdọ̀nù, torí òfin náà ni adájọ́ máa fi wò ó. Bó bá jẹ́ pé ìnáwó àti ìgbéyàwó ló fẹ́ jó sí, kó wá àgbàlagbà tó jó bal poussière nígbà èwe rẹ̀, kó sì gbé orin Gnonnas Pedro sí i. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.