Òwú Lára Ọkùnrin: Láti Ìdí Òfì Títí Dé Inú Kóòtù

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bí a bá ń sìnkú àgbà ní Erínjẹ, tàbí tí ìgbéyàwó bá kan ilé ẹnìkan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ó rí agbádá, ẹ ó sì rí kóòtù. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìtàn aṣọ ọkùnrin wa kò ju méjì yìí lọ: tiwa ni agbádá, ti òyìnbó ni kóòtù. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ òwú láti ìgbà àwọn baba ńlá wa títí di òní yóò rí i pé ohun tí wọ́n fi hun aṣọ ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe gé e lọ. Òwú ló bá ojú ọjọ́ wa mu. Ìgbà tí a kẹ̀yìn sí i ni aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ni wá lára.

Ìgbà òfì

Kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń hun aṣọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni òwú fẹ́ràn, ìdí nìyí tí Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin fi di ojúlé ahunṣọ. Obìnrin ló ń ran òwú, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀ ló sì ń jáde níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ rán agbádá, wọ́n á to aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á gán an pọ̀ létí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí yóò fi fẹ̀ bo èjìká méjèèjì dé ọwọ́. Ní Ìjẹ̀bú, Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, àwọn obìnrin ní òfì tiwọn tó ń dúró lóòró, òun ni wọ́n fi ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó fẹ̀ tó sì nípọn.

Nínú gbogbo aṣọ òfì, ẹtù ni òwú ti fi ara rẹ̀ hàn jù lọ. Aláró á ri òwú sínú aró ẹ̀lú, á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún rì í, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Ọkùnrin tó bá wọ ẹtù, àgbà ni wọ́n ń kà á sí. Iṣẹ́ yìí kò kéré rárá, ẹ̀wù apá ibí sì ti dé ilẹ̀ òyìnbó tipẹ́. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ẹ̀wù ńlá méjì wà nínú ohun tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann kó jọ. Àlàdá, tó wà nínú orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n ti kó wọn lọ, wọ́n sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ láti ọdún 1659. Ó ti lé ní ọ̀rúndún mẹ́ta ààbọ̀ báyìí tí ẹ̀wù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wà lọ́hùn-ún tí àwọn ènìyàn ń wò ó.

Ọ̀nà omi

Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òjò rẹ̀ pọ̀, ọ̀pẹ ló ń ṣe dáadáa níbẹ̀, òwú kò fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ aṣọ kò jìnnà sí àwọn ará Erínjẹ, nítorí wọn kò jìnnà sí ọ̀sà. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands ń ra aṣọ òwú ní Bìní, wọ́n ń lọ tà á ní etíkun tí a ń pè ní Gánà lónìí. Aṣọ tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú hun dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ́ ní ẹnu Odò Ọya, ó sì di aṣọ ọlá fún wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, ogun àti ìjà ojú ọ̀nà dí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú mọ́ àwọn oníṣòwò. Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ló wá ọ̀nà mìíràn gba ìlà-oòrùn: ọkọ̀ á ti Èkó gba orí ọ̀sà dé èbúté Ayésàn, ẹrù á sì ti ibẹ̀ gba inú igbó lọ sí Òde Oǹdó. Aṣọ láti Manchester, ìlú ilé iṣẹ́ aṣọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára ẹrù náà, epo pupa àti èkùrọ́ sì ń gba orí omi kan náà lọ sí Èkó.

Òwú wa gan-an ti gba Manchester kọjá. Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò ìlú náà, dara pọ̀ mọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) láti máa ra òwú ní Abẹ́òkúta, kí àwọn ènìyàn lè rí òwò mìíràn ṣe dípò òwò ẹrú. Ní 1902, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbígbin òwú ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Òwú wa ń lọ ní tútù, ó ń padà wá ní aṣọ, àwa la sì ń fi owó rà á.

Kóòtù dé

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òwò ẹrú àti àwọn ọmọ wọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í darí wálé láti Sierra Leone ní nǹkan bí 1839 ló gbé kóòtù wọ̀lú lọ́pọ̀ yanturu. Aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n dá fún òtútù London ni wọ́n ń wọ̀ nínú oòrùn Èkó. Nígbà tó yá, àwọn kan kọ̀ ọ́. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Bàtíìsì, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojọlá Agbebí ní 1894, ó bọ́ kóòtù sílẹ̀, aṣọ Yorùbá ló sì ń wọ̀ nílé lóko. Ìgboyà rẹ̀ yẹ ní yíyìn títí ayé.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó fúnra wọn náà rí i pé aṣọ òtútù kò ṣeé wọ̀ nínú ooru. Ní Íńdíà, kakí òwú ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀. Ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti jọ tiwa, Joseph Haspel fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán kóòtù tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nílẹ̀ wa náà, òwú funfun tó le ni akọ̀wé kóòtù àti tíṣà fi ń rán kóòtù àti ṣòkòtò. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, kakí di aṣọ ọmọ tálákà àti ọmọ olówó nílé ẹ̀kọ́. Kóòtù àti òwú ti bára wọn rẹ́ nílẹ̀ yìí nígbà náà.

Okùn epo rọ̀bì

Ohun tó tú àjọṣe yìí ká wá láti ilé iṣẹ́ aṣọ Manchester náà. Ní 1941, onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Whinfield àti Dickson, fi èròjà kẹ́míkà ṣe okùn tí a wá mọ̀ sí tẹ́rílìn, òun náà ni poliẹ́sítà tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe lónìí. Kì í rún, kì í ṣá kíákíá, owó pọ́ọ́kú ni. Ó gba ọjà. Nílé, ilé iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1957, òmíràn tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jẹun níbẹ̀. Àìsí iná, owó epo àti aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń kó wọlé lẹ́yìn ló pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. United Nigerian Textiles ní Kàdúná ti ilẹ̀kùn ní 2007, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì fọ́n ká. Lónìí, òkìríkà àti poliẹ́sítà ló kún ọjà wa.

Bí a ṣe ń yan kóòtù òwú

Ẹni tó ń gbé ní Erínjẹ, tí òjò ń pa á lóṣù mélòó kan nínú ọdún tí ooru sì ń tẹ̀ lé e, kò yẹ kó fi poliẹ́sítà dá ara rẹ̀ lóró. Bí ẹ bá dé ìdí òkìríkà tàbí ọ̀dọ̀ aláṣọ, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí etí inú aṣọ. Bí kò bá sí àkọlé, ẹ fa okùn kan yọ níbi ìránpọ̀, kí ẹ fi iná sí i. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á rọ̀. Poliẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, á sì di kókó líle.

Ẹ wo inú kóòtù náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi aṣọ ọ̀rá tẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, òógùn kò ní rí ibi gbà jáde. Èyí tí wọ́n tẹ́ ní èjìká àti apá nìkan ló dára. Òwú kì í nà bí irun àgùntàn, nítorí náà kí télọ̀ fi àyè sílẹ̀ ní èjìká àti ìdí ṣòkòtò. Tí ìgúnpá bá rún, ìwà òwú nìyẹn, kì í ṣe àbùkù. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, ẹ má ṣe dì í mọ́ inú ọ̀rá kó má baà bu; ẹ gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà.

Ìpadàbọ̀

Ọ̀nà àbáyọ ti ń hàn. Kenneth Ize, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe àpẹẹrẹ aṣọ, ti fi aṣọ òfì tí wọ́n hun ní Ìlọrin rán kóòtù àti ṣòkòtò. Ó dé ìpele àṣekágbá ìdíje LVMH fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe àpẹẹrẹ aṣọ ní 2019, ó sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní oṣù kejì 2020. Òfì àwọn baba wa ti wọ inú kóòtù, ayé sì rí i.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin Ìkálẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó, àti ẹ̀yin télọ̀ Erínjẹ àti Òkìtìpupa: kí kóòtù tí ẹ ó rán tẹ̀ lé èyí jẹ́ ti òwú, kó sì jẹ́ òwú tí ọmọ ilẹ̀ yìí hun bí ẹ bá lè rí i rà. Ara yóò tù yín, ahunṣọ yóò rí jẹ, iyì aṣọ wa yóò sì padà sọ́wọ́ wa.