Kì í Ṣe Nọ́ńbà Ara Páálí: Ìtàn àti Ìfiwéra Awò Awọ̀nàjíjìn Onílẹ́ńsì Kékeré fún Ẹ̀kọ́ Ojú Ọ̀run ní Gúúsù Èkìtì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn awò awọ̀nàjíjìn onílẹ́ńsì kékeré láti ọdún 1608, ó sì fi àwọn oríṣi tí ó ti wáyé wé ara wọn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé fífẹ̀ ojú lẹ́ńsì, irú gíláàsì àti ìdúró ṣinṣin ẹsẹ̀ awò ni a fi ń mọ awò tó dára, kì í ṣe iye ìlọ́po tí oníṣòwò kọ sára páálí. Ó fi èyí wo ohun tí ó yẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti agbègbè wọn.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òwe yìí fi hàn pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi ojú lásán wo ọ̀run. Wọ́n rí i pé ìràwọ̀ kan a máa wà nítòsí òṣùpá nígbà mìíràn, wọ́n sì kìlọ̀ pé wíwà nítòsí yàtọ̀ sí jíjẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn. Ohun tí ojú lásán kò lè ṣe ni kí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Awò kékeré ni ó ṣe é. Ní ìparí ọdún 1610, Galileo rí i nínú awò rẹ̀ pé Àgùàlà a máa tóbi, a sì máa ṣẹ́kù bíńtín gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ti í ṣe, ó sì hàn pé oòrùn ni Àgùàlà ń yí po.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwòrán inú ìwé nìkan ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ nípa ọ̀run. Bí owó bá sì wá láti ra awò, ìbéèrè tí ó ń dojú kọ olùkọ́ ni: èwo ni kí ó rà? Ìtàn awò fúnra rẹ̀ ni ó ní ìdáhùn, nítorí pé àléébù èyí tí ó ṣáájú ni oríṣi kọ̀ọ̀kan wá wò sàn.

2.0 Awò Onílẹ́ńsì Kan: 1608 sí 1700

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1608, Hans Lippershey, aṣe-awò-ojú ní ìlú Middelburg ní ilẹ̀ Netherlands, bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ lórí awò kan tí ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí. Wọn kò fún un, nítorí pé àwọn mìíràn náà ní àwọn mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Galileo gbọ́ ìròyìn náà ní Ítálì, ó sì ṣe tirẹ̀. Awò tí ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po bí 20 ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn òṣùpá Júpítà ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 1610.

Awò Galileo ní àléébù méjì. Èkíní ni pé lẹ́ńsì tí ó kọjú sí ojú ẹni tó ń wò jẹ́ èyí tí inú rẹ̀ kó wọlé, ibi tí ènìyàn lè rí lẹ́ẹ̀kan náà sì há tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùpá odidi kì í gbà á. Kepler dábàá ní ọdún 1611 pé kí wọ́n fi lẹ́ńsì tí inú rẹ̀ wú rọ́pò rẹ̀. Ibi tí ojú ń rí gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ohun gbogbo dorí kodò. Ìyẹn kò ṣe nǹkan fún awo-ìràwọ̀, nítorí pé ìràwọ̀ kò ní òkè tàbí ilẹ̀.

Àléébù kejì ni ó le jù. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo kì í kó gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan náà. Àwọ̀ búlúù pàdé níwájú, pupa pàdé lẹ́yìn, àwọ̀ òṣùmàrè sì yí ohun tí wọ́n ń wò ká. Oògùn tí wọ́n rí fún un ni kí ojú lẹ́ńsì kéré, kí ọ̀nà ìpàdé ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n láti ara lẹ́ńsì dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé, sì gùn. Ní ọdún 1655, Christiaan Huygens fi lẹ́ńsì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 57, tí ọ̀nà ìpàdé rẹ̀ lé ní mítà 3, rí Titan, òṣùpá tí ó tóbi jù lára Sátọ̀n. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1673, Hevelius ní ìlú Danzig ti ṣe àpèjúwe èyí tí ó gùn tó mítà 46, tí wọ́n fi okùn so kọ́ ara òpó. Afẹ́fẹ́ kékeré a máa mì ín. Gígùn ti wá di àléébù tuntun.

Iṣẹ́ kan ní àkókò yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kejìlá ọdún 1639, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní England, Jeremiah Horrocks, fẹ́ rí Àgùàlà bí ó ti ń gba iwájú oòrùn kọjá. Kò fi ojú wo inú awò. Ó jẹ́ kí awò da àwòrán oòrùn sórí ìwé nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ó sì rí Àgùàlà bí àmì dúdú róbótó lórí ìwé náà. Ọ̀nà yìí wúlò di òní.

3.0 Lẹ́ńsì Oníbejì

Newton gbà pé àléébù àwọ̀ kò ní àtúnṣe, nítorí náà ni ó ṣe yà sí awò onídígí ní ọdún 1668. Agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Chester Moor Hall kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1733, ó pa lẹ́ńsì méjì tí gíláàsì wọn yàtọ̀ pọ̀, kí èkejì lè tún ohun tí èkíní bàjẹ́ ṣe. Ìtàn sọ pé kí àṣírí má baà tú, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó pín lẹ́ńsì méjèèjì sí. Àwọn méjèèjì sì gbé e fún ẹnì kan ṣoṣo, George Bass, tí ó rí i pé lẹ́ńsì méjèèjì bá ara wọn mu. Àṣírí tú. Ní ọdún 1758, John Dollond gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọjà.

Lẹ́ńsì oníbejì yìí ni ó sọ awò di ohun tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́. Ohun tí ó gba Huygens ní mítà 3 wọ inú ọ̀pá tí kò tó mítà kan.

4.0 Ìfiwéra Àwọn Tí Ó Wà Lọ́jà

Oríṣi mẹ́rin ni ó yẹ fún ìfiwéra. Èkíní ni oníbejì gígùn, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 60, tí ọ̀nà ìpàdé rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 700. Nítorí gígùn rẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Èkejì ni oníbejì kúkurú, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 80, tí ọ̀nà ìpàdé rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 400. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń kó jọ tó ìlọ́po 1.8 ti èkíní, ó sì dára fún ọ̀wọ́ ìràwọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ àlùkò a máa yí etí òṣùpá ká. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi gíláàsì àkànṣe tàbí fúlóráìtì ṣe, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Takahashi ní Japan sọ di mímọ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ó kúrú, kò sì ní àwọ̀ òṣùmàrè, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ̀kẹrin ni Galileoscope, tí wọ́n ṣe fún ọdún 2009 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ ìràwọ̀. Oníbejì ni, ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50, ọ̀nà ìpàdé rẹ̀ jẹ́ 500, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì to ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìlọ́po tí awò fi ń mú nǹkan tóbi kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Ọ̀nà ìpàdé lẹ́ńsì iwájú ni wọ́n ń fi ti lẹ́ńsì ojú pín: 700 pín sí ọ̀nà 25 jẹ́ 28, 700 pín sí ọ̀nà 10 jẹ́ 70. Ìlọ́po tí ó wúlò kì í sábà ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ ojú lẹ́ńsì ní mìlímítà lọ. Awò mìlímítà 60 kò gbọdọ̀ kọjá 120. Síbẹ̀, 525 ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí irú awò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i ni pé wọ́n fi lẹ́ńsì ojú mìlímítà 4 pín 700, ó di 175. Wọ́n tún fi lẹ́ńsì afikún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú yóò rí kò ju kùrukùru lọ. Huygens kò lò ju ìlọ́po bí 50 lọ tí ó fi rí Titan.

5.0 Ojú Ọ̀run Gúúsù Èkìtì

Àwọn tí ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ awò wọ̀nyí kò ro ti Èkìtì mọ́ ọn. Àpẹẹrẹ kan ni ẹsẹ̀ tí wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ ìràwọ̀ àríwá kí ó lè máa tẹ̀ lé ìyípo ọ̀run. Ní Ìkẹ́rẹ́, ìràwọ̀ náà kò ga ju nǹkan bí dígírì 7 àti ààbọ̀ lọ sókè ilẹ̀. Igi, ilé, kùrukùru tàbí òkè àpáta bí Olósùnta tó láti bò ó, ẹlòmíràn nínú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì lè tẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán tí ń lọ sókè-sódò àti sọ́tùn-ún-sósì ni ó dára jù, bí ó bá ti dúró ṣinṣin. Bákan náà, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì a máa gba àtàrí kọjá níhìn-ín. Ẹni tí awò rẹ̀ kò bá ní ìgbọ̀nwọ́ tí ń yí ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ọrùn.

Òjò a máa fi ìkùukùu bo ọ̀run, ọyẹ́ a sì máa fi eruku bò ó. Ìgbà tí òjò dá tí ọyẹ́ kò tíì le ni àkókò tó mọ́ jù. Ọ̀rinrin a máa mú kí lẹ́ńsì hu èbu, ó sì yẹ kí wọ́n tọ́jú awò sínú àpótí tó dé dáadáa pẹ̀lú àpò kékeré amúǹkan-gbẹ irú èyí tí ń bẹ nínú páálí bàtà. Síbẹ̀, awò onílẹ́ńsì tí ọ̀pá rẹ̀ dé pa gba ìyà eruku ju onídígí lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n fi kun ojú dígí a máa ṣá.

6.0 Ohun tí Ọdún 2001, 2004 àti 2006 Fi Kọ́ni

Ní òru ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá. Ní Maiduguri, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn ni ó fà á. Nígbà tí òṣùpá yóò bo oòrùn ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2006, ìjọba kéde ṣáájú kí àyà má baà já ará ìlú. Òjìji tó ṣókùnkùn biribiri gba Ghana, Togo, Benin àti apá àríwá Nàìjíríà kọjá. Ní Èkìtì, apá kan oòrùn ni ó bò. Láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 2004, Àgùàlà gba iwájú oòrùn kọjá. Ó wà lójú oòrùn ní àárọ̀ ní Nàìjíríà, kò sì kúrò títí ọ̀sán fi pọ́n. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, ní ọdún 2012, kò hàn níhìn-ín, òmíràn kò sì sí títí di ọdún 2117. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kò ní awò àti pépà funfun ní 2004 pàdánù ohun tí kò ní padà wá lójú ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ṣe pàtàkì ju awò lọ. Ẹni tí ó bá fi awò wo oòrùn tààrà lè fọ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá. Gíláàsì dúdú kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ lẹ́ńsì ojú nínú àwọn awò olówó pọ́ọ́kú lè gbóná kí ó sì là lójijì. Kí olùkọ́ sọ ọ́ nù. Ọ̀nà Horrocks, ìyẹn dída àwòrán sórí pépà, ni kí ó lò, kí ó má sì fi awò sílẹ̀ fún ọmọdé nìkan.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ̀ fi hàn pé nǹkan ńlá ni ojú kékeré ti rí. Mìlímítà 57 rí Titan. Ti Galileo kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì gba Àgùàlà lọ́wọ́ ẹ̀sùn ajá oṣù. Fún ilé-ẹ̀kọ́ ní gúúsù Èkìtì, awò oníbejì gígùn tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 60 sí 80, lórí ẹsẹ̀ tí kò gbọ̀n, pẹ̀lú lẹ́ńsì ojú méjì, tó. Ibi tí owó kò bá tó, irú Galileoscope yóò ṣe é. Nǹkan tí ó kù jẹ́ ti olùkọ́: ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú ti agbègbè Áfíríkà ti wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1998, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìkẹ́rẹ́ náà sì ti di yunifásítì ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún 2020. Ìmọ̀ kò jìnnà mọ́. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ jáde ní alẹ́ kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ kí wọ́n rí Àgùàlà bí ó ti lé bí oṣù, ti kọ́ wọn ní òwe àti sáyẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan náà.