Iná Ọ̀dàn àti Àwọn Bàbá Tí Kò Fi Oko Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá nílé àti lẹ́yìn odi, ilẹ̀ Ìgbómìnà wà níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn. Láti ayébáyé ni àwọn bàbá wa ti ń ṣán igbó, tí wọ́n sì ń fi iná sun ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ tí iná jó lónìí, a lè gbin iṣu sí i bí òjò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó dé, ọ̀ràn yí padà, nítorí igi kòkó ń lo bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so.

Ọ̀dá ọdún 1982 sí 1983 kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́gbọ́n. Ní Gánà, iná jó oko kòkó lọ bẹẹrẹ. Kòkó tí ó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 1964 sí 1965 ti ń dín kù tẹ́lẹ̀ nítorí owó kékeré tí àgbẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn iná náà, ó já sí nǹkan bí 159,000 ní 1983 sí 1984.

Bàbá tí ó bá kọ̀ láti wá bá wa gbé ní ìlú ńlá, olóríkunkun ni à ń pè é. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń ro etí oko yípo kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà rí koríko jó wọlé. Apá rẹ̀ kò ká a mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè sáré fún iná. Nítorí náà, kí a dẹ́kun àríyànjiyàn. Kí a tètè fi owó alágbàṣe ránṣẹ́ lọ́dọọdún, kí ẹni tí ó bá sì lè wá, wá bá bàbá rẹ̀ ro etí oko tí yóò jogún.