Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lọ́wọ́ Àwọn Baba Wa

Akẹ́kọ̀ọ́ a máa há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn sórí bí ayékòótọ́, a sì pè é ní ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá sínú ìwé kan ní 1843. Ní 1852 ó fẹ̀ ẹ́ sí i. Alùfáà Samuel Johnson gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin ní Ọ̀yọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì jíjinlẹ̀ kọ ọ́, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Ẹ ṣàkíyèsí: níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti ní ọ̀rọ̀, ó fi Baṣọ̀run àti Kakaǹfò sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Lójú tiwa, èyí gan-an ni ìmọ̀ ọ̀rọ̀. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921.