Ìlu Lójú Awọ: Ìtàn Iṣẹ́ Awọ àti Àwọn Irinṣẹ́ Rẹ̀ ní Ìlú Accra

Ìfáàrà

Ní èdè Gáà, tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀ ìlú Accra, aspaatere ni wọ́n ń pe bàtà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gáà. Inú èdè Pọtogí ni ó ti wá, èdè àwọn atukọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etíkun ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí ní ọdún 1471, tí wọ́n sì kọ́ ilé olódi Elmina ní 1482. Ẹni tí ó bá mọ orírun ọ̀rọ̀ náà lè rò pé ojú òkun ni ọgbọ́n iṣẹ́ awọ gbà dé Accra. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ bàtà ni ó gba ojú omi dé. Ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n tí ó ń sọ awọ ewúrẹ́ di pupa, tí ó ń gé e, tí ó sì ń rán an, ilẹ̀ ọ̀dàn ní ìhà àríwá ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ìtàn iṣẹ́ awọ ní Accra jẹ́ ìtàn àwọn àlejò tí wọ́n di onílé. Ó sì tún jẹ́ ìtàn ọ̀rọ̀: àwọn tí ó ṣì wà láàyè, àti àwọn tí ó ń kú lọ nígbà tí irinṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ orúkọ fún ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Ọ̀nà obì, ọ̀nà awọ

Kí àwọn òyìnbó tó fi Accra ṣe olú-ìlú Gold Coast ní 1877 ni òkìkí Kánò ti kàn nípa awọ. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì tí ó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ tí wọ́n ti ṣe àti bàtà wà lára ọjà tí àwọn oníṣòwò ń kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí ìhà àríwá. Lára awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní awọ Mòrókò, ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n ti ṣe é; Mòrókò kàn jẹ́ ojú ọ̀nà tí ó gbà kọjá ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó dorí kọ gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Obì ni ó la ọ̀nà yìí. Àwọn oníṣòwò Haúsá ń lọ sí ọjà Salaga, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gánà òde òní, láti ra obì tí ó ti inú igbó Àṣáńtì wá. Bí wọ́n bá ń lọ, iṣẹ́ awọ a máa wà lára ẹrù wọn. Ibi tí èrò bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi lójú ọ̀nà ni Haúsá ń pè ní zango. Òun ni ó di zongo lẹ́nu àwọn ará Gánà, tí ó wá di orúkọ àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí nínú ìlú ńláńlá.

Iṣẹ́ awọ kò ṣàjèjì sí àwọn Akan fúnra wọn. Bàtà ọba tí wọ́n ń pè ní ahenema jẹ́ ohun ọlá láàrin wọn. Ẹsẹ̀ ọba kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lásán, bí wọ́n bá sì fẹ́ rọ ọba lóyè, bíbọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Nínú èdè Twi, ọ̀rọ̀ kan náà, nhoma, ni ó dúró fún awọ ẹran àti fún ìwé. Nígbà tí Thomas Bowdich, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi ní 1817, ó rí àwọn balógun tí wọ́n wọ bàtà awọ pupa tí ó ga dé agbede itan, tí oògùn àwọn Mùsùlùmí sì bo ẹ̀wù ogun wọn. Ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní batakari. Yorùbá yóò dá ohun tí ó wà lára rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ońdè ni, tírà tí wọ́n fi awọ bò, tí wọ́n sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Iṣẹ́ awọ àti iṣẹ́ ààfáà jọ rìn wọ inú igbó ni.

Bí zongo ṣe dé Accra

Ní 1873, nígbà tí ogun wà láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Àṣáńtì, John Glover, ẹni tí ó ti ṣe alákòóso Èkó rí, kó àwọn ọmọ ogun Haúsá láti Èkó lọ sí Gold Coast. Ọmọ ogun àti oníṣòwò Haúsá ni wọ́n wá pọ̀ sí i ní Accra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Malam Bako kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ Sabon Zongo dó, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ zongo tuntun. Lẹ́yìn náà ni Nima tẹ̀ lé e. Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Àdúgbò tí ó ń jẹ́ Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, òwò sì ni ó gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá dé ilẹ̀ Gánà.

Ibi tí Haúsá bá tẹ̀dó sí, mọ́ṣáláṣí, alápatà àti oníṣẹ́ awọ kì í jìnnà síra. Alápatà ni ó ń pa ẹran. Awọ ẹran náà ni oníṣẹ́ awọ ń dúró dè.

Láti ara ẹran dé ara bàtà

Ohun tí Yorùbá fi orúkọ kan pè ní iṣẹ́ awọ, Haúsá pín in sí méjì. Majemi ni ẹni tí ó ń sọ awọ tútù di awọ tí ó ṣeé lò. Baduku ni ẹni tí ó ń gé e, tí ó sì ń rán an. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé iṣẹ́ baduku kò lè dára ju awọ tí majemi gbé lé e lọ́wọ́ lọ.

Majemi a kọ́kọ́ rẹ awọ sínú omi èérú kí irun rẹ̀ lè tú. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ ẹ sórí igi, tí yóò fi ọ̀bẹ ha irun kúrò lójú rẹ̀ àti ẹran kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí Haúsá ń pè ní bagaruwa ni yóò gún, tí yóò pò mọ́ omi. Oje èso yìí, tí í fún ẹnu pọ̀ bí ènìyàn bá tọ́ ọ wò, ni kì í jẹ́ kí awọ jẹrà mọ́. Nígbà tí awọ bá ti mu oje náà tó, majemi a fọ̀ ọ́, a fi òróró pa á, a sì máa nà án síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tí yóò fi rọ̀.

Ara ewé tí ó bo pòròpórò ọkà bàbà ni àwọ̀ pupa ti ń wá. Àwọn ará Accra mọ àwọ̀ yìí dáadáa, kódà àwọn tí kò fọwọ́ kan awọ rí. Irú ewé ọkà bàbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin zongo ń sè pọ̀ mọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà láti fi ṣe waakye, oúnjẹ tí tọmọdé tàgbà ń jẹ ní ìlú náà. Ní ti àwọ̀ dúdú, ìdàrọ́ irin tàbí irin tí ó ti dípẹtà ni wọ́n ń rẹ sínú omi kíkan. Bí omi yìí bá ti kan awọ tí ó ti mu oje bagaruwa, kíá ni yóò dúdú, nítorí pé irin àti oje náà ti pàdé.

Irinṣẹ́ baduku kò pọ̀. Ọ̀bẹ mímú wà, apákó tí ó ń gé awọ lé lórí wà, òòlù, abẹ́rẹ́ àti òwú wà, egungun tàbí igi tí ó ń fi dán etí awọ sì wà. Ṣùgbọ́n ìlu, irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dá awọ lu, ni olórí gbogbo wọn. Awọ kì í ṣe aṣọ. Abẹ́rẹ́ nìkan kò lè gba inú awọ tí ó nípọn kọjá, ihò tí ìlu bá sì ti dá kì í dí mọ́. Bí ihò kan bá yà kúrò lójú ìlà, títí ni àṣìṣe náà yóò wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àmì sí ojú ihò gbogbo kí ìlu tó bọ́ sí iṣẹ́.

Ìrán tí ó lágbára jùlọ ni èyí tí àwọn aránṣẹ́ gàárì ẹṣin mọ̀ káàkiri ayé: òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí òwú níhìn-ín, èkejì ní orí òwú lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọwọ́ ọ̀tún, èkejì láti ọwọ́ òsì. Ìda oyin ni wọ́n fi ń pa òwú náà kí omi má bàa tètè bà á jẹ́. Bí òwú bá já lójú kan, èyí tí ó kù yóò dì mú. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ yàtọ̀: òwú méjì ni ó kọ́ ara wọn ní àárín awọ, bí ọ̀kan bá sì já, ìrán náà lè máa tú lọ. Ẹni tí ó ń fi awọ ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́ ní ilé rẹ̀ lónìí, ìrán yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ. Wọn yóò sì sọ fún un pé kí ó fi omi díẹ̀ rin awọ tí wọ́n fi oje igi ṣe kí ó tó gbẹ́ ọnà sí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń gba àmì, tí àmì náà kì í sì í parẹ́ bí awọ bá gbẹ.

Oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ tí ó bá jókòó ti baduku ní Nima kò ní ṣìnà. Ọ̀yọ́ ni ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin, níbi tí gàárì, ìjánu, àkọ̀ idà, tìmùtìmù àti làbà Ṣàngó ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àtayébáyé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé oníṣẹ́ awọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fúnra rẹ̀ ṣe awọ tí yóò lò nígbà kan rí. Ọ̀rọ̀ ọṣán ṣì wà lẹ́nu àwọn àyàn, nítorí ọṣán ni awọ tín-ínrín tí ó so ojú méjèèjì dùndún pọ̀.

Ohun tí ó ń jẹ awọ

Nǹkan mẹ́ta ni ó kọ lu iṣẹ́ yìí. Èkínní ni ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó kó ẹrù wọn, àwọn tí wọ́n bí sí Gánà sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan zongo pẹ̀lú, ó kan oníṣòwò, ó kan oníṣẹ́ ọwọ́. Irinṣẹ́ oníṣẹ́ awọ lè wọ inú àpò kan ṣoṣo. Ọmọṣẹ́ tí ó ń kọ́ ni kò ṣeé kó sínú àpò.

Èkejì ni kẹ́míkà. Ní 1884, Augustus Schultz gba ìwé-àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi èròjà kúróòmù ṣe awọ. Ohun tí oje igi ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe, kúróòmù lè ṣe é ní ọjọ́ díẹ̀. Awọ rẹ̀ rọ̀, ó sì pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í di àmì ọnà mú bí ti bagaruwa.

Ẹ̀kẹta ni ìkòkò ọbẹ̀. Awọ màlúù tí Accra ń pè ní wele ni Yorùbá ń pè ní pọ̀nmọ́. Awọ tí iná bá ti ra, kò sí majemi tí ó lè tún un ṣe. Ní 2022, nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria dábàá pé kí òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́, ariyanjiyan ńlá ni ó dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ kò ṣẹ̀, nítorí owó ẹran wọ́n. Ṣùgbọ́n bí gbogbo awọ bá ti wọ inú ìkòkò tán, awọ kò ní kájú ìlù mọ́.

Ìgúnlẹ̀

Síbẹ̀, iṣẹ́ awọ kò kú ní Gánà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà lè yàn, tí àjọ WAEC sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ọ fún ìdánwò lónìí lè di ẹni tí yóò máa fi í ṣe ìgbafẹ́ lọ́la, tàbí ẹni tí yóò fi í jẹun.

Ewu kan ṣoṣo ni ó fara sin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà. Irinṣẹ́ tí wọ́n kó sínú páálí láti òkè òkun wá, orúkọ òkè òkun ni ó bá a wá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè di ọ̀gá nínú lílo ìlu kí ó má mọ̀ pé ó ní orúkọ ní èdè ìyá rẹ̀, kí ó sì rò pé àlejò ni iṣẹ́ tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti ń ṣe. Bí orúkọ irinṣẹ́ bá sọnù, ìtàn ọ̀nà tí ó gbà dé ti sọnù mọ́ ọn. Aspaatere ṣì ń jẹ́rìí sí ọkọ̀ ojú omi Pọtogí lẹ́yìn ọ̀rúndún márùn-ún, nhoma ṣì so awọ pọ̀ mọ́ ìwé, zongo ṣì rántí ibi tí àwọn aláàárù ti sọ ẹrù obì kalẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni èyí tó ti oníṣẹ́ awọ. Baduku tí ó jókòó lórí ẹní ní Sabon Zongo àti oníṣẹ́ awọ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí ìwé atúmọ̀ èdè kò tíì gbà sílẹ̀ tán. Olùkọ́ tí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, tí ó gbé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè, tí ó bèèrè orúkọ rẹ̀ ní Haúsá, ní Gáà, ní Twi àti ní Yorùbá, tí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè àti ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tètè lọ, nígbà tí awọ ṣì wà lórí apákó.