Ààwẹ̀ Nílẹ̀ Àjò: Bí Àwa Yorùbá Ṣe Bá A ní Jos

Iṣẹ́ ló gbé àwọn bàbá wa dé Plateau. Ní ọdún 1914 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru nítorí iṣẹ́ wíwa tánńganran, ní 1927 sì ni ojú irin ńlá tó gba Kafanchan wọ Jos. Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, aránṣọ àti oníṣòwò láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ibòmíràn bá a dé. Àwọn kan gbé Bíbélì dání, àwọn kan gbé Kùráánì, ọ̀pọ̀ wọn sì jọ gbé inú agbo ilé kan náà.

Ààwẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Orúkọ nǹkan ló yí padà. Ààwẹ̀ di azumi. Ìṣínu di shan ruwa, èyí tí í ṣe mímu omi. Ẹ ò rí i pé Yorùbá ní inú la ṣí, Haúsá ní omi la mu! Àkàrà di kosai. Sààrì nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: sahur ni Haúsá ń pè é, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ló sì bí méjèèjì.

Ohun tó ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni tashe. Ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn ajísààrì ló ń fi wéré jí aráàlú lóru kí wọ́n lè jẹun. Inú wéré yìí náà ni Sikiru Ayinde Barrister ti gbé fújì jáde. Ti Haúsá yàtọ̀. Bí ààwẹ̀ bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn ọmọdé á kun ojú, wọ́n á wọ aṣọ àgbà, wọ́n á máa lùlù láti ojúlé dé ojúlé lẹ́yìn ìṣínu, wọ́n á máa ṣe àwàdà gba owó tàbí ọkà. Àwọn ọmọ wa kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé wọn, àwọn ọmọ ìjọ pàápàá.

Òtútù ńkọ́? Jos ga ju 1,200 mítà lọ sókè òkun. Ààwẹ̀ sì máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní 1999, oṣù Kejìlá ló bẹ̀rẹ̀, nínú ọyẹ́. Òùngbẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi omi òru Jos ṣe àlùwàlá ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Àwọn onígbàgbọ́ wa náà ń gbààwẹ̀. Áńgílíkà àti Kátólíìkì ní ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, a kì í ka ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ọn; Aládùúrà ní ààwẹ̀ gbígbẹ, tí omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Èyí máa ń rú aládùúgbò lójú. Ní ìlú yìí, ẹ̀yà ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀sìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò ṣe é fi ẹ̀yà kà. Ẹ̀gbọ́n lè máa retí òṣùpá kí àbúrò máa retí Àjíǹde.

Ibẹ̀ gan-an ni rògbòdìyàn ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án 2001 ti dùn wá jù. Ọjà ńlá Terminus tí tọ̀tún-tòsì ti ń ra èlò ọbẹ̀ jóná ní oṣù Kejì 2002. Ìjà tún dé ní 2008 àti 2010. Mùsùlùmí kó lọ síbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, onígbàgbọ́ kó lọ sí tirẹ̀. Ilé Yorùbá tó ní ẹ̀sìn méjì, apá wo ni kó kó lọ? Àwọn mìíràn pín ara wọn. Àwo oúnjẹ ìṣínu tí à ń gbé ránṣẹ́ sí ojúlé kejì ní ìrọ̀lẹ́ wá di ohun tí a ń fi fóònù tọrọ àforíjì fún, nítorí ìrọ̀lẹ́ gan-an ni ẹ̀rù ọ̀nà ń bani.

Ní 2025, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ Rámádáánì bẹ̀rẹ̀, Lẹ́ńtì sì wọlé ní ọjọ́ karùn-ún. Méjèèjì jọ rìn títí di ìparí oṣù náà. Nínú àwọn ilé wa tí kò tíì pín, àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ni a ń dáná ọ̀sán fún.