Owó Ìrìn-Àjò: Láti Inú Tòbí Dé Ojú Ìwé Páásípọ́ọ̀tù

Àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé. Gbogbo wa la mọ òwe náà. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé kí àjò tó lè dùn rárá, owó ibi tí à ń lọ ní láti wà lápò ẹni. Olówó Èkó tó gúnlẹ̀ sí London pẹ̀lú àpò náírà, ebi lè pa á níwájú ilé oúnjẹ. Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ìtàn bí a ti ń wá owó òkè-òkun, bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí ojú wa rí lórí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé owó àjèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa ni. Owó ẹyọ fúnra rẹ̀, àlejò ni. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun India ni wọ́n ti ń kó o wá. Nígbà tó yá, wọ́n ń kó òmíràn láti Zanzibar. Àwọn baba wa ń kà á ní ogójì, ní igba, ní egbàá, títí tí yóò fi di ọ̀kẹ́ kan, èyíinì 20,000. Ọ̀kẹ́ kan yìí, ẹrù odindi ọkùnrin ni. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ní láti háyà alárù tí yóò ru owó ọ̀nà, inú owó ọ̀hún náà ni yóò sì ti máa bọ́ alárù!

Nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. Ìgbìmọ̀ owó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912 fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ń ṣe ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ tí à ń ná, ọgbọọgba sì ni pọ́n-ùn tiwa àti ti Ìlú Ọba. Báńkì Àpapọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1959, ó ṣe owó tiwa jáde, síbẹ̀ ọgbọọgba náà ni wọ́n ṣì jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, tó ń lọ sí Liverpool, kò ní ìṣirò kankan láti ṣe.

Òfin dé ní 1962. Láti ìgbà náà, owó òkèèrè di ohun tí ènìyàn kò lè rà tàbí kó jáde láìgba àṣẹ, àwọn báńkì tí ìjọba yàn ló sì ń tà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa la ń tà kí owó náà tó wọlé, ẹ̀rọ àti oògùn la sì fẹ́ fi rà. Ìjọba ò fẹ́ kí a ná an tán sórí fàájì.

Ní November 1967, Ìlú Ọba bu iyì owó tirẹ̀ kù: pọ́n-ùn tó ń gba dọ́là 2.80 di 2.40. Tiwa ò tẹ̀lé e. Bí pọ́n-ùn Nàìjíríà kan ṣe wá tó pọ́n-ùn kan, ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́rin òyìnbó nìyẹn. Ọmọ ju baba lọ! Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀; ta ló ráyè gbádùn rẹ̀? Ní January 1, 1973, náírà dé, náírà méjì sì rọ́pò pọ́n-ùn kan. Owó epo rọ̀bì ń wọlé bí omi òjò. Ní 1980, nǹkan bí kọ́bọ̀ 55 péré ni dọ́là kan.

Mo mọ bí wọ́n ti ń rà á láyé ìgbà náà, nítorí ìyá mi ń ta aṣọ, ó sì ń lọ ra léèsì ní London. Yóò gbé páásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí báńkì, yóò kún fọ́ọ̀mù, akọ̀wé báńkì yóò sì kọ iye owó tí wọ́n tà fún un sí ojú ìwé kan nínú páásípọ́ọ̀tù náà, yóò lu òǹtẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, sọ̀wédowó arìnrìn-àjò ni, irú èyí tí American Express ti ń tà láti 1891. Ẹni tó rà á yóò fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ní báńkì, yóò tún fọwọ́ sí i lójú ẹni tí yóò sanwó fún un. Bí ìfọwọ́sí méjèèjì ò bá bára mu, kò sówó. Ilé-ìwé àgbà ni Màmá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ, nítorí náà ó máa ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ orúkọ rẹ̀ léraléra sínú ìwé iléèwé mi. Èmi ni mo máa ń da nọ́ḿbà àwọn sọ̀wédowó náà kọ sílẹ̀, torí pé bí wọ́n bá sọnù, nọ́ḿbà wọn ni wọ́n máa fi dá a padà. Lẹ́yìn gbogbo ètò òyìnbó yìí, inú tòbí ló ń kó wọn sí.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ojú ìjọba korò. Ní April 1982, ìjọba Shagari ṣe òfin láti dín ohun tí à ń rà lókèèrè kù, àwọn sọ́jà sì gbàjọba ní òpin 1983. Ní April 1984, wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, wọ́n ti ẹnubodè pa, kí náírà tí wọ́n fi fàyàwọ́ kó jáde má bàa rí ọ̀nà wọlé. Ẹ ro ti àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà Kùtọnu, tí owó tiwa àti sẹ́fà jọ wà nínú tòbí kan ṣoṣo! Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gbé òfin líle jáde lórí owó òkèèrè, wọ́n sì dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún un.

Ní September 4, 1984, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Amẹ́ríkà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ṣeré. Wọ́n mú un nítorí pọ́n-ùn 1,600. Fẹlá ní òun ò jẹ̀bi. Ní November, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò: bí ènìyàn 20 péré bá ń bá a lọ, pọ́n-ùn 80 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé owó tó lè ba ọrọ̀ ajé odindi orílẹ̀-èdè jẹ́ nìyẹn? Lọ́dún náà ni ìròyìn àpótí 53 tí wọ́n ní ó gba pápá ọkọ̀ òfuurufú yẹn wọlé láìsí àyẹ̀wò gba ìlú kan. Amnesty International kà Fẹlá sí ẹlẹ́wọ̀n ẹ̀rí-ọkàn. Nǹkan bí ogún oṣù ló lò kí ìjọba mìíràn tó dá a sílẹ̀ ní April 1986.

Ní September 1986 yẹn kan náà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta dọ́là ní gbàǹjo. Lọ́jọ́ kìíní, náírà tó ń lọ bí ọ̀kan àbọ̀ sí dọ́là kan di mẹ́rin àti kọ́bọ̀ 61. Ní 1989, wọ́n fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ apààrọ̀ owó. Ohun tí àwọn Mọ́là ti ń ṣe lẹ́bàá òtẹ́ẹ̀lì di iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Nígbà tó sì di 1995, òfin tuntun wọ́gi lé ti 1962 àti ti 1984. Fẹlá ṣì wà láyé nígbà náà. Ta ló lè dá ogún oṣù padà fún un?

Láti June 2023, tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, ojú wa ti rí i: ní February 2024, dọ́là kan kọjá náírà 1,500. Ní 1980, ẹni tó ní owó náà kò rí àyè rà tó bó ti fẹ́. Lónìí, àyè wà, owó ni ò tó. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé nígbà tí àpò ìjọba bá kún, arìnrìn-àjò ni wá. Bó bá gbẹ, onífàyàwọ́ ni wọ́n ń pè wá, owó kan náà sì ni lọ́wọ́ wa. Òfin ń yí padà, ṣùgbọ́n ìwé tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ló ń sọ̀rọ̀ fúnni ní ẹnubodè. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ gba rìsíìtì báńkì dání, ẹ sì kéde owó yín bó bá ti ju 10,000 dọ́là lọ. Tòbí lè fi owó pamọ́ fún olè, kò lè jẹ́rìí fún ẹni níwájú adájọ́.